Ẹ̀jẹ̀ Tó Fara Jọ Ọpọlọ

Ọdún kejì rèé tí Ràhímátù ti ń gbé nínú fúláàtì oníyàrá kan ní Lẹ́kkí, iṣẹ́ tó sì gbé e dé ibẹ̀ ni iṣẹ́ wíwo inú orí àwọn ènìyàn tí kò mọ̀ rí.

Ilé ìwòsàn ló ń fi àwọn àwòrán náà ránṣẹ́, láìsí orúkọ, nọ́ńbà àti ọjọ́ orí nìkan. Ràhímátù á jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, á wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti dà sínú agbárí, á sì fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká. Kọ̀ǹpútà náà á máa kọ́ ìlà tó ń fà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà, títí tí òun náà á fi lè fà á fúnra rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń lé ni pé kí ilé ìwòsàn kékeré tí kò ní dókítà àwòrán lè mọ̀, láàárín ìṣẹ́jú kan, bóyá ẹ̀jẹ̀ wà nínú orí aláìsàn tàbí kò sí. Shamsudeen ló ń ṣe ìdajì iṣẹ́ tó kù. Òun ló ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti mọ ọ̀nà tí áńbúláǹsì lè gbà dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ kíákíá. Ìlọrin ni Shamsudeen ń gbé. Ojú kò tíì kan ojú láàárín àwọn méjèèjì rí, àfi lórí fóònù.

Nígbà tí ìyá Ràhímátù wà láyé, àràárọ̀ ni ìyá náà máa ń pè é láti Ìkìrun, tí á bi í bóyá ó sùn dáadáa. Ìyá náà kú nínú oṣù Ràmàdáánì tó kọjá. Láti ìgbà náà, àwọn ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé ọ̀sán á pọ́n kí Ràhímátù tó la ẹnu sọ̀rọ̀, tí ohùn ara rẹ̀ á sì dá a níjì. Ó mọ bí ọpọlọ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn ṣe rí. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó lè kí i lójú títì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ọjọ́rú kan, ó ń yẹ àwọn àwòrán tí kọ̀ǹpútà ti kọ “kò sí ẹ̀jẹ̀” sí lára wò. Ẹyọ kan nínú mẹ́wàá ló máa ń yẹ̀ wò. Ó kan nọ́ńbà irínwó ó lé méjìlá: ọkùnrin, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, wọ́n ya àwòrán náà lánàá ní ilé ìwòsàn kan ní Àjáh. Ó ti fẹ́ẹ́ tẹ̀ ẹ́ kọjá. Nǹkan kan ní kó dúró.

Ó sún mọ́ ọn. Lápá òsì, àwọn kọ́rọ́kọ̀rọ ọpọlọ kò dé ara egungun agbárí bó ṣe yẹ kí wọ́n dé. Ìlà tó pín ọpọlọ sí méjì kò sì dúró ní àárín mọ́, ó ti yẹ̀ sí ọ̀tún.

Ẹ̀jẹ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dà máa ń funfun nínú àwòrán. Èyí tó bá pẹ́ gan-an á dúdú. Ṣùgbọ́n ní àárín méjèèjì, ní bíi ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tí ènìyàn ti forí gbá nǹkan, àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ náà á bá ti ọpọlọ dọ́gba, á sì dà bí ìgbà tí nǹkan kan kò sí níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò rí i. Ràhímátù fúnra rẹ̀ ló sì kọ́ kọ̀ǹpútà. Nínú gbogbo ìlà tó ti fà, irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò tó ogún.

Ó pe ilé ìwòsàn náà.

“Dókítà Ọmọ́wùnmí, ẹ káàárọ̀ mà. Ràhímátù ni, ti iṣẹ́ àwòrán orí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí nọ́ńbà irínwó ó lé méjìlá.”

“Èyí tí ẹ̀rọ yín ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀? Mo ti fún bàbá náà lóògùn orí fífọ́, mo ní kí wọ́n máa lọ sílé.”

“Ẹ̀rọ náà ò rí i ni, mà. Ẹ wo ìlà àárín ọpọlọ.”

Ràhímátù gbọ́ tí dókítà ń tẹ kọ̀ǹpútà.

“Yéè! Olúwa mi o,” ni dókítà wí. “Ràhímátù, dúró, jẹ́ kí n pè wọ́n.”

Dókítà pe fóònù bàbá náà lẹ́ẹ̀mẹrin, ó dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Áńbúláǹsì kan ṣoṣo tí ilé ìwòsàn ní ti gbé aláboyún lọ sí Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí dókítà padà sórí fóònù, ó sọ bẹ́ẹ̀ fún Ràhímátù.

“Mo ní mọ́tò, mà,” ni Ràhímátù wí. “Mo lè lọ gbé wọn.”

“Mi ò gbọ́dọ̀ sọ orúkọ aláìsàn fún ọ. O mọ̀ pé a fọwọ́ sí ìwé.”

“Mo mọ̀, mà.”

Dókítà rẹ ohùn sílẹ̀. “Bàbá Akínlabí ni wọ́n ń jẹ́. Badore ni ilé wọn, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi. Àwọn nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Béèrè bàbá tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe. Màá ti pe oníṣẹ́ abẹ ní Lẹ́kkí kó máa retí yín. Má jẹ́ kí wọ́n sùn lójú ọ̀nà o.”

Nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta orí, èyí ni àkọ́kọ́ tó ní orúkọ.

Obìnrin kan tó ń yan ẹja létí omi ló júwe ilé náà fún un. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Bàbá Akínlabí jókòó sórí àpótí nínú aṣọ funfun ìjọ wọn, láìwọ bàtà, bí ẹni tó ń múra ìsìn ọjọ́ Ọjọ́rú lọ́wọ́. Okùn tí wọ́n ń dì mọ́ ìbàdí wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún kò lè gbéra láti bá a dì í. Fóònù ń bẹ lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀ sà. Dókítà ló rán mi.”

Bàbá náà gbójú sókè. Ẹnu rẹ̀ wúwo. “Fèyíkẹ́. Ṣé ìwọ nìyẹn?”

“Rárá sà, èmi...”

“O pẹ́ jù. Mo ti ń retí rẹ láti ìgbà tí mo ti ṣubú nínú ọkọ̀ yẹn.” Omi lé ròrò sí i lójú. “Mo ní kí wọ́n má pè ọ́, iṣẹ́ pọ̀ fún ọ ní Àbújá. Ṣùgbọ́n mo ń retí rẹ.”

Ràhímátù kúnlẹ̀, ó bá a di okùn náà mọ́ ìbàdí.

“Mo ti dé, Bàbá mi,” ló wí. “Ẹ jẹ́ ká lọ.”

Òun àti obìnrin ẹlẹ́ja náà ló jọ gbé e sínú mọ́tò, sí ìjókòó iwájú. Wọn kò tíì rìn jìnnà tí wọ́n bá ọkọ̀ akóyanrìn tó dojú dé, tó dí gbogbo ojú ọ̀nà. Ràhímátù pe Shamsudeen, ó sì fi ibi tó wà ránṣẹ́ sí i.

“Mo ti rí ọ lórí máàpù,” ni Shamsudeen wí láti Ìlọrin. “Padà sẹ́yìn díẹ̀, wọ ẹsiteeti tó wà lápá òsì. Ó já sí títì ńlá. Tí o bá gba ibẹ̀, ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Tí o bá dúró, kò lè dín ní wákàtí kan.”

Ràhímátù yí mọ́tò padà. Nígbà tó dé ẹsiteeti náà, géètì ló bá níbẹ̀, àti ọ̀pá irin tí wọ́n fi dábùú ọ̀nà. Ẹ̀ṣọ́ kan jáde wá.

“Ẹ káàsán mà. Kóòdù yín ńkọ́?”

“Mi ò ní kóòdù. Mo kàn fẹ́ gba inú yín kọjá ni. Aláìsàn ni mo gbé.”

“Ẹ má bínú mà, wọn kì í jẹ́ kí èèyàn kọjá. Ta lẹ mọ̀ nínú ẹsiteeti? Ẹ pè wọ́n, kí wọ́n fi kóòdù ránṣẹ́ sí yín.”

Ràhímátù ṣí fóònù rẹ̀. Ó rí orúkọ onílé, orúkọ ẹni tó ń gbé gáàsì wá, orúkọ àwọn yòókù tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n wà ní ìlú òyìnbó. Láti Lẹ́kkí títí dé Àjáh, kò rí ẹnì kan tó lè pè kó sọ pé, “Bá mi sọ fún wọn pé o mọ̀ mí.” Ojú tì í, bí ẹni pé ẹ̀ṣọ́ náà ń bá a wo ojú fóònù.

“Kí ló dé tí o dúró?” Shamsudeen bi í.

“Géètì wà níbí.”

“Géètì? Kò sí lórí máàpù mi o.”

“Ó wà níwájú mi, Shamsudeen.”

Bàbá Akínlabí kérora. Ẹ̀ṣọ́ náà tẹrí ba láti wo ẹni tó wà nínú mọ́tò. Ó rí aṣọ funfun, ó wo ojú ẹni tó wọ̀ ọ́, ó sì gbá ọwọ́ méjèèjì mọ́ fèrèsé.

“Bàbá Akínlabí! Èmi Samson rèé o, ti ìjọ wa! Kí ló ṣe wọ́n, mà?”

“Ẹ̀jẹ̀ ti dà sínú orí wọn. Oníṣẹ́ abẹ ń dúró dè wọ́n.”

Samson ti ń sáré lọ síbi ọ̀pá irin kí Ràhímátù tó parí ọ̀rọ̀. Ó gbé e sókè, ó sì ń pariwo sínú rédíò ọwọ́ rẹ̀ pé kí àwọn tó wà ní géètì kejì ṣí i sílẹ̀, bàbá wọn ló ń bọ̀. Ràhímátù wakọ̀ kọjá. Ó ti rò pé bàbá náà kò lẹ́nì kan, bíi tòun.

Nígbà tí wọ́n bọ́ sí títì ńlá, ojú bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé. Ràhímátù bi í nípa ẹ́ńjìnnì, bàbá fèsì díẹ̀, ó tún dákẹ́. Ràhímátù wá ọ̀rọ̀ tì. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tara rẹ̀. Ó sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń pè é láràárọ̀, àti bó ṣe jẹ́ pé ní àárọ̀ ọjọ́ tí ìyá náà kú, òun rí ìpè náà, òun kò gbé e, nítorí pé òun ń fa ìlà kan lọ́wọ́, òun fẹ́ parí rẹ̀ ná. Kò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Bàbá na ọwọ́ òsì, ó di etí aṣọ Ràhímátù mú.

“Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi,” ni bàbá wí.

Ràhímátù ń sunkún, ó sì ń wakọ̀ lọ.

Àwọn nọ́ọ̀sì ti gbé bẹ́ẹ̀dì síta kí wọ́n tó dé. Ọ̀kan béèrè bóyá Ràhímátù ni ọmọ aláìsàn, Ràhímátù ní rárá. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí oníṣẹ́ abẹ fi jáde wá, ó ní òun ti lu ihò méjì sí agbárí bàbá, pé ẹ̀jẹ̀ tó jáde dúdú bí ọ́ìlì mọ́tò, àti pé tó bá ti di ọ̀la, ì bá má ṣeé ṣe mọ́.

Ọjọ́ karùn-ún ni Ràhímátù padà lọ kí i. Àwọn aláṣọ funfun kún yàrá náà, Samson wà láàárín wọn, wọ́n ń gbàdúrà. Bàbá Akínlabí jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mu ẹ̀kọ. Obìnrin kan tó tó ẹgbẹ́ Ràhímátù, tí ojú rẹ̀ jọ ti bàbá náà, jókòó tì í.

“Dókítà, ẹ káàsán,” ni bàbá wí fún Ràhímátù. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti já geere. Kò dá a mọ̀.

“Èmi kì í ṣe dókítà, sà. Èmi ni mo gbé yín wá.”

“Há! Ẹ ṣeun o. Wọ́n sọ fún mi. Èmi ò rántí nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn.”

Fèyíkẹ́ dìde, ó dì mọ́ ọn, ó ń dúpẹ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Wọ́n ní ẹ ń bá wọn sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà kí wọ́n má bàa sùn. Kí lẹ ń bá wọn sọ?”

“Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ni,” ni Ràhímátù wí.

Kò dúró pẹ́. Wọ́n ní tí wọ́n bá ti dá bàbá sílẹ̀, Àbújá ni ọmọ rẹ̀ máa mú un lọ.

Láàárín oṣù tó tẹ̀ lé e, Ràhímátù àti Dókítà Ọmọ́wùnmí ṣa irínwó àwòrán jọ, irú tí àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ bá ti ọpọlọ dọ́gba, Ràhímátù sì fa ìlà wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í rí wọn, kì í ṣe gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ó ń rí èyí tó pọ̀ jù. Shamsudeen náà fi géètì sórí máàpù rẹ̀. Ó bi Ràhímátù mélòó ló wà láti Lẹ́kkí dé Àjáh. Ràhímátù ní òun máa fẹsẹ̀ rìn lọ kà wọ́n, ó sì kà wọ́n lóòótọ́, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ó ń kí ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó parí rẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ lọ sókè. Kò wọlé. Ó kọjú sí ilẹ̀kùn fúláàtì tó dojú kọ tirẹ̀. Ó máa ń gbọ́ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, kò tíì rí wọn rí. Ó kan ilẹ̀kùn. Tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ nínú ilé, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Ó dúró díẹ̀, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

Ó tún kàn án.