Ewúrẹ́ Tó Ń Jíṣẹ́

"Chutki, bá mi sọ fún Bàbá pé ògiri yẹn ò tíì gbẹ. Kí wọ́n má tíì wọlé o."

Ewúrẹ́ ni Lalmuni ń bá sọ̀rọ̀, àmọ́ bàbá ọkọ rẹ̀, Bilat, tó dúró nínú ẹrẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé, ló ń bá wí. Ọdún kẹfà rèé tó ti wọlé ọkọ, kò tíì la ẹnu bá bàbá náà sọ̀rọ̀ ní tààrà rí. Bí ìyàwó ilé ṣe ń ṣe lábúlé wọn nìyẹn: á fi etí aṣọ bojú, á wá ẹni tí yóò rán sí bàbá ọkọ. Nígbà tí ìyá ọkọ wà láyé, òun ló ń jíṣẹ́. Nígbà tí ìyá kú, tí ọkọ sì wá iṣẹ́ lọ sí ìlú Surat, ó ku ewúrẹ́.

Bilat náà kọjú sí ewúrẹ́. "Chutki, sọ fún ìyàwó pé èmi ni mo fọwọ́ ara mi mọ ògiri yìí, wọn ò tíì bí i nígbà náà. Ọjọ́ kọkànlá rèé tá a ti ń sùn lábẹ́ ọ̀rá lórí òkìtì etí odò. Omi odò Kosi tó ya wọ abúlé ti fà. Mo fẹ́ wọ ilé mi."

"Chutki, omi tó fà yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Nígbà tó wà níbẹ̀, òun ló ń gbá ògiri mú. Oòrùn ọjọ́ méjì péré ló ràn sí ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ́jọ́sí tó fi wó lù wọ́n. Wọn ò yè é."

"Chutki, àròyé ìyàwó yìí ti pọ̀ jù."

Ewúrẹ́ ò dá sí i. Ewé ló ń ṣa jẹ.

Lalmuni mú ọ̀pá oparun, ó fi gún ìdí ògiri. Ọ̀pá náà wọlé wẹ́rẹ́ títí tí ọwọ́ rẹ̀ fi kan amọ̀. Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kí bàbá lè rí i.

Bàbá rí i. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Chutki, aṣọ ìbora ìyá wọn wà lórí àjà. Àwọn aṣọ rẹ̀ àtijọ́ ló fi rán an lọ́dún tó kú. Bó bá bàjẹ́ síbẹ̀, kí ló tún kù lọ́wọ́ mi?"

Omijé bọ́ lójú Lalmuni lábẹ́ ìbòjú. Òun náà fẹ́ràn ìyá yẹn. "Chutki, sọ fún wọn pé tó bá ti gbẹ, èmi fúnra mi ni màá gbé e wá."

Bàbá mi orí pé òun gbọ́. Ọkàn Lalmuni balẹ̀, ó lọ fa igi tí wọn yóò fi ti ògiri. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, bàbá ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé. Erùpẹ̀ ń dà láti òkè ògiri. Lalmuni wojú wá ewúrẹ́ tí yóò rán, kò rí i. Ewúrẹ́ ti lọ sẹ́yìn ilé màlúù.

"Bàbá! Ẹ jáde! Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde!"

Ohùn náà ló dá bàbá padà, kì í ṣe ẹ̀rù ògiri. Ó yíjú, ó ń wo ẹni tó pè é, ó sì rìn wá sọ́dọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń lá àlá. Ògiri wó lẹ́yìn rẹ̀ gbì, ẹrẹ̀ ta sí àwọn méjèèjì lára.

Aṣọ ìbòjú ti já bọ́ lórí Lalmuni. Bó ṣe ń wá etí rẹ̀ kiri, bàbá kọjú sí odò títí ó fi bo orí tán. Etí aṣọ ìbora yọ láàárín amọ̀, lábẹ́ ògiri kejì tó ṣì dúró. Lalmuni rò pé bàbá máa lọ fà á. Kò lọ.

Chutki dé, ewé kún ẹnu rẹ̀. Bilat rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ìwọ, máa jẹ ewé rẹ. Ìwọ kọ́ ni mò ń bá wí." Ó wá yíjú sí ìyàwó ọmọ rẹ̀. "Lalmuni, ọmọ mi, ọjọ́ mélòó lo rò pé èyí tó kù máa fi gbẹ?"

Lalmuni wo ògiri náà. "Ó tó ọjọ́ mẹ́wàá, Bàbá."

"Ó dáa. A ó dúró."