Alùpùpù tí Oyèdélé Rà ní Ṣakí

Ọgbà tí Gàníyù ti ń ta alùpùpù ní Ṣakí ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ariwo kankan níbẹ̀. Àwọn alùpùpù àlòkù tò lọ bẹẹrẹ, gbogbo ẹsẹ̀ wọn ń yí, kò sì sí èyí tó kan ilẹ̀. Èéfín ń jáde lẹ́yìn wọn, ó funfun bí ìkùukùu àárọ̀, òórùn rẹ̀ sì dà bí ti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Àárín wọn ni Morádékẹ́ ti rí ọkọ rẹ̀, Oyèdélé, tó ti kú láti ọdún tó kọjá. Ó lóṣòó, ó ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè.

Morádékẹ́ mọ̀ pé àlá ni. Ó mọ̀ pé orí bẹ́ǹṣì kan níwájú ọgbà yẹn gan-an ni òun sùn sí lọ́sàn-án gangan, pé kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù wà lẹ́sẹ̀ òun, pé ìṣáná sì wà létí ìró òun. Àmọ́ kò fẹ́ jí.

Ifẹ̀tẹ̀dó ni wọ́n ń gbé. Oko kòkó Oyèdélé jìnnà sílé, ẹsẹ̀ sì ti ń dùn ún. Nígbà tó gbọ́ pé àwọn alùpùpù tí wọ́n ń kó gba ẹnubodè wọlé kì í wọ́n ní Ṣakí, ó wọkọ̀ lọ síbẹ̀. Gàníyù tó ta ọ̀kan fún un búra pé kò sí ohun tó ṣe é rí. Oyèdélé gùn ún ń bọ̀ wálé tayọ̀tayọ̀. Ó tiẹ̀ pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù lọ́nà, ó fi oríkì rẹ̀ pè é, ó ní, "Àṣàkẹ́, ó ń lọ geerege! Màá fi gbé ẹ lọ sóko."

Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lẹ́yìn Ìsẹ́yìn, ọrùn alùpùpù náà ṣẹ́ sí méjì. Inú ọkọ̀ akẹ́rù kan náà ni wọ́n kó òkú rẹ̀ àti alùpùpù sí wá sílé. Ojú ibi tó ti ṣẹ́ ni wọ́n ti wá rí i pé ó ti ṣẹ́ rí, pé ńṣe ni wọ́n jó irin rẹ̀ pọ̀, tí wọ́n sì fi ọ̀dà pupa bò ó.

Àwọn ẹbí ní kó fà á lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ó fà á lé e lọ́wọ́ títí, inú rẹ̀ kò rọ̀. Ìbínú náà ń bá a sùn, ó ń bá a jí. Ìdí tó fi wá sí Ṣakí nìyẹn: kí àwọn èèyàn lọ kírun Jímọ̀, kí òun sì dáná sun ọgbà náà. Bí iná bá ká Gàníyù mọ́ ibẹ̀, ó tọ́ sí i. Ibi tó ti ń dúró ni oorun ti gbé e lọ.

Nínú àlá náà, Oyèdélé mú kànrìnkànrìn àti iyanrìn lọ́wọ́. Bó ṣe máa ń bá a ha èédú ìdí ìkòkò ní àárọ̀ Sátidé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ló ń ha ọrùn alùpùpù kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Bàbá Tinú," Morádékẹ́ rọra pè é, "ẹ dìde níbẹ̀. Mo fẹ́ dáná sun ún."

Kò wẹ̀yìn. "Àṣàkẹ́, ṣé o ti jẹun?"

"Oúnjẹ wo? Ẹni tó pa yín ń jẹ, ó ń mu. Ẹ jẹ́ kí n sun ún!"

Ó tún bu iyanrìn sí i. Ọ̀dà ń ṣí kúrò díẹ̀díẹ̀, àpá ibi tí wọ́n jó pọ̀ sì yọ síta, ó wú bí ojú ọgbẹ́ tí kò san tán.

"Bó o bá sun ún," ó ní, "báwo ni wọn ó ṣe wá rí àpá yìí?"

Ó nawọ́ sí i. Ọwọ́ náà tutù, iyanrìn wà nínú rẹ̀. Morádékẹ́ dì í mú, ó sì jí.

Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Oòrùn ń ta á lójú, àwọn èèyàn ti ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀. Nínú ọgbà, Gàníyù ti dé, ó ń yin alùpùpù kan fún ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ tó pọn ọmọ sẹ́yìn. Morádékẹ́ fi kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ó ṣa òkúta mímú kan nílẹ̀, ó wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha ọrùn alùpùpù náà.

"Ìyá, kí lẹ ń ṣe? Ẹ gbà mí o!" Gàníyù figbe ta.

"Má fọwọ́ kàn wọ́n," ni ọkùnrin tó fẹ́ rà á wí. Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó rí àpá náà. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀.

Morádékẹ́ ti kọjá sórí òmíràn. Kó tó ha ìyẹn tán, èrò ti kún ọgbà, Gàníyù sì ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ẹ ṣàánú mi, Màmá. Ibí ni mo ti ń jẹ."

"Mo mọ̀. Oyèdélé lorúkọ ọkọ mi. Ìwọ lo ta ikú fún un. Pe orúkọ rẹ̀."

Ó pè é wúyẹ́wúyẹ́.

"Pè é sókè!"

Ó pè é. Èrò gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń pè é kiri.

Inú ọkọ̀ tó ń gbé Morádékẹ́ padà sílé ni àlá náà ti wá yé e dáadáa. Kì í ṣe àánú ni Oyèdélé wá bẹ̀ fún ọkùnrin yẹn. Iná ì bá ti yá jù fún un. Oyèdélé náà fẹ́ kí Gàníyù pẹ́ láyé, kó darúgbó, kó máa jókòó lójoojúmọ́ síwájú ọgbà tí ẹnì kankan kò ní wọ̀ mọ́, kí àwọn ọmọdé tó bá ń kọjá sì máa pè é ní Oyèdélé.