Ìbéèrè Tí Ìyá Alágbàfọ̀ Kò Bi Jẹ́jẹ́

Ìyá Alágbàfọ̀ ti pinnu pé kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, obìnrin tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́ yóò ti kúrò nídìí áyọ̀nù òun. Aṣọ àwọn oníbàárà ń pẹ́, wọ́n sì ti ń kùn. Ẹni tó bá wọ yàrá tí wọ́n ti ń lọ aṣọ á rí i: àwọn mẹ́ta yòókù ń lọ aṣọ bí ẹni tí iná ń lé bọ̀, Jẹ́jẹ́ á sì máa tẹ kọ́là ọrùn ẹ̀wù kan ṣoṣo bí ẹni ń rẹ ọmọ sùn.

Ṣùgbọ́n Jẹ́jẹ́ jù ú lọ lọ́jọ́ orí, Ìyá Alágbàfọ̀ kò sì fẹ́ kí ayé ní òun kò bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ó ní kí kọ̀ǹpútà dájọ́. Inú rẹ̀ ni akọ̀wé ilé iṣẹ́ náà ń kọ nọ́ńbà aṣọ kọ̀ọ̀kan sí, ẹni tó kọ́kọ́ lọ̀ ọ́, àti ẹni tó tún un lọ̀ bí kò bá dára. Bí èèyàn bá kọ ìbéèrè sí i bí ẹni ń bá ojúgbà rẹ̀ sọ̀rọ̀, á dáhùn.

“Bi í pé ta ló ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ jù.”

Akọ̀wé tẹ̀ ẹ́. Ìdáhùn kò pẹ́: Jẹ́jẹ́.

“Ó parí.”

“Ẹ má bínú, mà. Ohun tá a bi í náà ló sọ. Díẹ̀ kí ni? Láti ìgbà wo? Kí ló ń dùn yín gan-an?”

“Pé aṣọ ń pẹ́.”

“Ìyẹn la ò tíì bi í.”

“O ti ń ṣe bíi lọ́yà,” ni ìyá náà wí, àmọ́ ó fa àga.

Akọ̀wé tún un kọ: Nínú àwọn aṣọ tó pẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta yìí, mélòó la lọ̀ lẹ́ẹ̀mejì? Ta ló kọ́kọ́ lọ̀ wọ́n? Ta ló tún wọn lọ̀?

Igba aṣọ ló pẹ́. Àádọ́sàn-án nínú wọn ni wọ́n lọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Jẹ́jẹ́ ló sì tún gbogbo wọn ṣe. Ìyẹn kò sí nínú ìdáhùn àkọ́kọ́, torí ẹni tó kọ́kọ́ lọ aṣọ nìkan ni ẹ̀rọ kà. Ẹni tó kọ́kọ́ ba èyí tó pọ̀ jù jẹ́ ni Àǹtí Kékeré, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yòókù, àbúrò Ìyá Alágbàfọ̀, ọmọ ìyá kan náà.

Ìyá náà ní kí wọ́n tún bi ẹ̀rọ náà, bóyá kò gbọ́ dáadáa. Ó gbọ́ dáadáa.

Ó dìde, ó lọ bá Jẹ́jẹ́. “Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?”

Jẹ́jẹ́ gbé áyọ̀nù nàró. “Ẹ ò bi mí, ọ̀gá. Ọmọ ìyá yín sì ni. Ẹnu wo ni n ó fi sọ ọ́?”

Àǹtí Kékeré tẹrí ba nídìí tábìlì tirẹ̀. “Mo máa ń kánjú, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin lẹ máa ń yìn mí pé ọwọ́ mi yá.”

Ọ̀rọ̀ náà gún Ìyá Alágbàfọ̀ lára, torí òótọ́ ni. “Gbé tábìlì rẹ sún mọ́ wọn,” ó wí fún un, ó sì nawọ́ sí Jẹ́jẹ́. “Láti òní, aṣọ rẹ tí wọn ò bá tíì yẹ̀ wò, kò gbọdọ̀ jáde.” Ó yíjú sí Jẹ́jẹ́, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, mà. Mo ti fẹ́ ní kẹ́ ẹ máa lọ.”

“Mo mọ̀. Mo ti kó bàtà iṣẹ́ mi lọ sílé lánàá.”

“Ẹ lọ kó o wá,” ni Ìyá Alágbàfọ̀ wí. “Èmi á dúró nídìí áyọ̀nù yín títí ẹ ó fi dé.”