Òdòdó Ojú Sàréè Bàbá Ṣẹ́gun

Ìgbàkígbà tí Edith bá gbé òdòdó gun ọ̀kadà ní Èrúwà, ńṣe ni wọ́n máa ń bá a kẹ́dùn. Bó ti ń kọjá, ìyá tó ń sun àgbàdo létí títì a na abẹ̀bẹ̀ sókè: “Ẹ kú ará fẹ́ra kù o! Ta ló tún lọ?” Àwọn awakọ̀ Ìbàdàn a ṣí fìlà. Tàófíìk ọlọ́kadà pàápàá, tó ti ń gbé e kiri láti ọjọ́ pípẹ́, a tan iná iwájú ọ̀kadà rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, bí ọkọ̀ tó ń gbé òkú ti ń ṣe.

“Tàófíìk, pa iná yẹn. Orí pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń gbé òdòdó yìí lọ.”

“Ẹ má bínú, Màmá Ìyanu. Ọwọ́ mi ló ti mọ́ ọn lára.”

Tàófíìk kò jẹ̀bi. Ọdún kọkànlá rèé tí Edith ti ń gbin òdòdó sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Poli. Kò sí olódòdó mìíràn nítòsí, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ òkú nìkan ló ń gbé àwọn èèyàn wá sọ́dọ̀ rẹ̀. “Màmá Ìyanu, ẹ bá wa ṣe ríìtì,” ìyẹn òdòdó rìbìtì tí wọ́n ń gbé lé orí pósí. Bó bá di ti ìgbéyàwó, wọn a kọjá níwájú ọgbà rẹ̀, wọn a lọ ra òdòdó onírọ́bà bọ̀ láti Ìbàdàn. Edith kò kórìíra iṣẹ́ ìtùnú. Bó bá ń hun ríìtì, orin ìyìn ni í máa kọ. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan kì í yẹ̀ nínú àdúrà òwúrọ̀ rẹ̀: “Olúwa, jẹ́ kí ọwọ́ mi kan ayọ̀ lẹ́ẹ̀kan kí n tó darúgbó.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹsàn-án, ọmọbìnrin kan yà wọ inú ọgbà náà. Gbémisọ́lá lorúkọ rẹ̀, olùkọ́ ni ní Poli.

“Ẹ káàárọ̀, mà. Òdòdó ni mo wá rà.”

Edith ti bẹ̀rẹ̀ sí í fajú ro. “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ṣé bàbá ni àbí màmá?”

“Ọkọ ni, mà.”

“Ha! Ní kékeré yìí?”

“Ọkọ tí mo fẹ́ fẹ́ ni, mà! Ó wà láàyè! Bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, iyán ló ń jẹ lọ́wọ́.”

Edith jókòó gbì sórí korobá tó dojú dé. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rín nìkan kọ́ ló sì fa omi náà.

Gbémisọ́lá yọ fóònù jáde. “Wọ́n ní òdòdó pupa, ìfẹ́ ni, funfun, ìwà mímọ́, yẹ́lò, owú jíjẹ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, mà?”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Íńtánẹ́ẹ̀tì ni.”

“Ṣé òun náà ti gbin òdòdó rí?” Edith dìde. “Ẹni tó fúnni lódòdó ló ń sọ̀rọ̀, ọmọ mi, òdòdó kì í sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n wá, jẹ́ kí n fi tèmi hàn ọ́. Tannáposó rèé. Sùúrù ni mò ń pè é, nítorí gbogbo òdòdó yòókù ló máa ń yangàn lójú oòrùn, òun a dúró di ìrọ̀lẹ́ kó tó là.”

“Èyí tó dà bí ògbe orí àkùkọ yìí ńkọ́, mà? Ó jọ pé mo ti rí i rí, n ò rántí ibi tí mo ti rí i.”

“O ò lè tíì rí i. Ẹbí ẹ̀fọ́ ṣọkọ ni, ṣùgbọ́n a kì í jẹ ẹ́. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Abẹ́òkúta ló fún mi ní irúgbìn rẹ̀, n ò sì mọ ẹlòmíràn tó ní in ní gbogbo Ìbàràpá. Ìrètí ni mò ń pè é. Bó gbẹ tán pàápàá, pupa rẹ̀ kì í tètè ṣá. N kì í hun ríìtì kan láìfi í sí i.”

“Òun gan-an ni mo fẹ́ dì mú lọ́jọ́ náà,” ni Gbémisọ́lá wí. “Ṣùgbọ́n ẹ ó bá mi dé Láńlátẹ̀, mà. Màmá Ṣẹ́gun, ìyá ọkọ mi, ló ń ṣètò ọ̀ṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. N kò lè ré ọ̀rọ̀ wọn kọjá.”

Tàófíìk gbé àwọn méjèèjì lọ. Màmá Ṣẹ́gun, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, fi ọ̀yàyà gbà wọ́n, àfi ìgbà tó gbọ́ orúkọ àlejò rẹ̀ ni ojú rẹ̀ yí padà.

“Màmá Ìyanu? Ẹ̀yin lẹ ṣe ríìtì ọkọ mi.”

“Èmi ni, mà. Ó ti di ọdún mẹ́ta.”

“Ẹ ṣe é dáadáa, Ọlọ́run á san án fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ọwọ́ tó dì í fún òkú mi kọ́ ni yóò dì í fún ìyàwó mi. Ìbàdàn la ó ti rà á.”

“Rọ́bà ni ti Ìbàdàn, mà,” ni Gbémisọ́lá rọra wí.

“Rọ́bà kì í kú, ọmọ mi.”

Edith dúpẹ́, ó dìde. Bó ti jáde sí ojúde, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Sàréè Bàbá Ṣẹ́gun wà níbẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, ògbe pupa sì yí i ká, ó tó ogójì. Ìrètí rẹ̀ ni! Wọ́n ti fi ríìtì sílẹ̀ lórí sàréè títí òjò fi fọ́ ọ, irúgbìn sì ti wọlẹ̀.

Màmá Ṣẹ́gun rí i bó ti ń wò ó, ojú rẹ̀ sì tún là. “Ẹ wò wọ́n! Ẹnì kan ò gbìn ín o. Lẹ́yìn tí ọkọ mi lọ, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, mo jí lọ́jọ́ kan, mo bá wọn níbẹ̀. Mo dúró níwájú ìjọ, mo jẹ́rìí pé Ọlọ́run fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin òdòdó láti tù mí nínú.”

Ọ̀rọ̀ dé ètè Edith. Gbólóhùn kan péré, iṣẹ́ tó ti ń gbàdúrà fún láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá á di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn kan náà lè gba ẹ̀rí lẹ́nu opó. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

“Ọlọ́run ni, mà,” ó wí, òótọ́ ọkàn rẹ̀ ló sì sọ.

Àmọ́ olódòdó kì í rí òdòdó kó má tọ́jú rẹ̀. Ó ti dé ìdí ọ̀kadà kó tó yíjú padà. “Ẹ má da omi sí i lórí o, mà, ìdí rẹ̀ ni kí ẹ máa dà á sí. Bí orí rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ẹ gbọ̀n ọ́n sínú bébà. Irúgbìn dúdú tó ń dán ni yóò jáde, kò tóbi ju iyanrìn lọ.” Ó wá pa ẹnu dé kíákíá.

Lójú ọ̀nà, Gbémisọ́lá ń ṣọ̀fọ̀ bí ẹni tí ọkọ kú fún lóòótọ́. “Jẹ́jẹ́,” ni Edith wí. “O ní ọkọ, o ní ìyá ọkọ tó fẹ́ràn rẹ. Ti òdòdó kò le.” Ṣùgbọ́n nígbà tó délé, orin tó fi bomi rin ọgbà kò ròkè.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ẹnì kan kanlẹ̀kùn ọgbà. Màmá Ṣẹ́gun ni, ó di bébà kan mọ́wọ́.

“Mo gbọ̀n ọ́n bẹ́ ẹ ti wí. Ó dúdú, ó ń dán. Mo wá bi ara mi pé, báwo ni obìnrin yìí ṣe mọ ohun tó wà nínú òdòdó tí ẹnì kan ò gbìn?” Ojú rẹ̀ ti bọ́ sórí ebè pupa tó wà lẹ́yìn Edith. “Ìwọ obìnrin yìí! Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?”

Edith kúnlẹ̀. “Ẹ ti jẹ́rìí níwájú ìjọ, mà. Ta ni mo jẹ́ tí n ó fi gba ìtùnú Ọlọ́run lọ́wọ́ yín?”

Màmá Ṣẹ́gun bú sẹ́rìn-ín. “Ṣé o rò pé mo rò pé áńgẹ́lì gbé ọkọ́ sọ̀ kalẹ̀ wá sí Láńlátẹ̀ ni? Ọlọ́run ló gbìn ín, ọwọ́ rẹ ló yá. Ẹ̀rí mi kò dín, àní ó tún lé sí i. Dìde, jàre.” Ó fà á dìde. “Mo ní ọwọ́ tó dì í fún òkú mi kò ní dì í fún ìyàwó mi. Ọwọ́ yẹn gan-an ni mo fẹ́ báyìí. Ìdajì òdòdó náà, láti inú ọgbà rẹ. Ìdajì tó kù, láti ojú sàréè. Bàbá Ṣẹ́gun ò ní jókòó sílé lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀.”

Ní Sátidé ìgbéyàwó, Edith ti dé Láńlátẹ̀ kí ìrì tó gbẹ. Ó gé òdòdó ojú sàréè, ó pa á pọ̀ mọ́ èyí tó gé wá láti inú ọgbà rẹ̀, ó fi ọ̀já funfun dì í, ó gun ọ̀kadà Tàófíìk. Màmá Ṣẹ́gun tẹ̀ lé wọn nínú mọ́tò, ó sọ gíláàsì kalẹ̀. Bí wọ́n ti wọ Èrúwà, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì ìgbéyàwó wà, abẹ̀bẹ̀ ìyá alágbàdo gòkè.

“Ẹ kú ará fẹ́ra kù o, Màmá Ìyanu! Ta ló tún lọ?”

Màmá Ṣẹ́gun yọ orí àti gèlè jáde lójú fèrèsé. “Kò sẹ́ni tó lọ! Ọkọ mi ló ń bọ̀ wá síbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀!”

Ìyá alágbàdo la ẹnu sílẹ̀, àgbàdo ń jóná níwájú rẹ̀.

“Màmá Ìyanu,” ni Tàófíìk bèèrè, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, “ṣé kí n tan iná?”

“Tàn án,” ni Edith wí. “Kí o sì fun fèrè títí a ó fi dé ṣọ́ọ̀ṣì.”