Egbò Ẹ̀gbẹ́ Ahọ́n

Eyín ló gbé Zulkifli dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín. Wẹ́dà ni ní Jeppestown, nílẹ̀ òkèèrè. Òun nìkan ló ń gbé yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Rodiat ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ wà ní Ìwó.

"Ẹ ṣáà bá mi yọ ọ́, dókítà."

Dókítà Ìbíjọkẹ́, ọmọ Iléṣà, kò tíì yọ nǹkan kan. Ó rọra fa ahọ́n rẹ̀ síta, ó fìka tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Egbò yìí ńkọ́?"

"Eyín tó kán yẹn ló ń ha á. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà ààwẹ̀."

"Ṣé ó ń dùn yín?"

"Rárá o."

"Àìdùn ẹ̀ gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Egbò ẹnu tí ò bá tètè jinná, ó yẹ ká yẹ̀ ẹ́ wò."

Ó ní kó lọ sí ọsibítù, kí wọ́n gé ẹran díẹ̀ lára egbò náà fún àyẹ̀wò. Zulkifli ò fẹ́ lọ. Àmọ́ dókítà náà pè é lórí fóònù: "Bọ̀dá, ṣé ẹ ti lọ?" Ó pẹ́ tí ẹnì kan ti bi í léèrè ara rẹ̀ ní ìlú yìí. Ó lọ.

Jẹjẹrẹ ni.

"Ó ṣì kéré," ni Ìbíjọkẹ́ wí. "Wọ́n máa gé díẹ̀ nínú ahọ́n yín. Ta ló máa bá yín lọ?"

Zulkifli ronú títí. "Kò séèyàn."

Kó tó lọ, ó pe Rodiat. Kò sọ fún un. Ó ń bèèrè òrùlé tó ń jò, ó ń bèèrè ikọ́ ọmọ.

"Bàbá Sìdíkàt, ẹ̀yin tí ẹ kì í sọ̀rọ̀! Kí ló dé lónìí?"

"Ohùn rẹ ló wù mí í gbọ́."

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, àwọn èèyàn ń gbé ọsàn wá fún àwọn aláìsàn tó kù. Fóònù Zulkifli dún. Rodiat ni. Ó gbé e, ṣùgbọ́n kò lè fọhùn.

"Ẹ̀ ń gbọ́ mi? Họ́wù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí!" Rodiat gé ìpè náà. Zulkifli kọjú sí ògiri, ó sunkún.

Ìbíjọkẹ́ yà wò ó nígbà tó ṣíwọ́ iṣẹ́. "Wọ́n ti gé gbogbo ẹ̀ kúrò. Kò tíì ràn dé ọrùn." Ó jókòó tì í díẹ̀, ó lọ sílé.

Nígbà tí ẹnu rẹ̀ san díẹ̀, ó pe ilé. Rodiat ló fẹ́ pè, àmọ́ "Lódíà" ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

Ó tún un pè, díẹ̀díẹ̀.

"Bàbá Sìdíkàt? Kí ló ṣe ẹnu yín?"

Zulkifli jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó fún un látìbẹ̀rẹ̀.