Àmì Ojúlówó

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni onídìrí fi ń pe ilé-iṣẹ́ tó ni ọjà orí fóònù náà pé kí wọ́n yọ ìpara ìnarun ayédèrú kan kúrò lórí àtẹ wọn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà kò sí lọ́wọ́ àwọn. Ó bá sọ ike ìpara náà sínú báàgì, ó di ọ́fíìsì wọn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbẹ́jọ́ oníbàárà fún táì mọ́rùn bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Ó ní, "Mà, àwa kọ́ la tà á. Alárinà lásán ni wá."

"Alárinà." Onídìrí wo táì náà látòkè délẹ̀. "Alárinà tó kó ẹrù sílé ara rẹ̀, tó di páálí, tó fi ọ̀kadà gbé e wá, tó tún lẹ àmì 'Ojúlówó' mọ́ ọn. Ta ló lẹ àmì yẹn, ọkọ mi?"

"Ẹ̀rọ ni, mà."

"Pe ẹ̀rọ náà wá, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi."

Ọkùnrin kan tó gbé bátìrì tó ti wú sórí itan, tó ń dúró kó kàn án, bú sẹ́rìn-ín.

Orí ọmọ ẹ̀gbọ́n onídìrí ni ìpara náà jó. Irun ọmọ náà tu bí ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n da omi gbígbóná sí.

"Ta ló fi kùn ún lórí, mà?" ni ọlọ́táì bi í.

"Èmi ni." Ogún ọdún ló ti ń ṣe irun. Kì í fi ìpara tuntun kan orí ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ fi kun irun tó há sẹ́nu òòyà wò. Lọ́jọ́ yẹn, ó rí àmì Ojúlówó, kò dán an wò. "Mo ti kúnlẹ̀ bẹ ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ ò tíì dá mi lóhùn. Tèmi nìyẹn. Ó ku tiyín."

"Ìlànà wa sọ pé..."

Onídìrí ṣí ike. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ọ́fíìsì. Ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó bu díẹ̀ sí ìka. "Ojúlówó ni, àbí? Tẹ orí wá. Ìpàkọ́ nìkan ni."

Ọlọ́táì ti àga sẹ́yìn títí ó fi kan ògiri. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dé e."

"O kúkú mọ̀. Yọ ọ́ lórí àtẹ, màá dé e."

Ọlọ́táì tẹ kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀mejì. Onídìrí wá ìpara náà lórí fóònù, kò rí i mọ́. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò gbà tó àkókò tí èèyàn fi ń sín.

Ó dé ike.

"Ẹ̀gbọ́n," ni oníbátìrì wí, "ẹ má tíì bọ́ ìbọ̀wọ́ yẹn."

Ó bọ́ ọ. "Ẹ ja tiyín. Mo ṣì ní ẹni tí mo fẹ́ lọ kúnlẹ̀ fún."