Igun Tí Iná Kò Dé

Rodiyat fa ìlà tó kẹ́yìn sójú pátákó funfun, òpó tó wà láàárín gbọ̀ngàn tó ń yà sì hàn gbangba. Gbogbo ojú tó wà nínú yàrá ìpàdé àwọn olùwádìí ló ń wo ọwọ́ rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ló kù kó sọ: pé ìlànà tí gbogbo wọn fi ń mọ ibi tí wọn yóò gbé iná sí nínú gbọ̀ngàn olópòó kì í ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo, àpẹẹrẹ tó fi hàn bẹ́ẹ̀ sì nìyí. Gbólóhùn náà ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti àárọ̀. Àfi bó ṣe gbójú sókè, tó rí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèníran ní ìjókòó iwájú, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i bíi bàbá tí ọmọ rẹ̀ ń gba ẹ̀bùn nílé ìwé. Ni ọ̀rọ̀ bá yí mọ́ ọn lẹ́nu.

“Ó lè jẹ́ pé èmi ni ìlànà náà kò yé dáadáa,” ló sọ lédè Òyìnbó.

Ilé ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ní Ìwó tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, èèyàn kì í wo ojú àgbà kó sọ pé ó ṣì í. Èèyàn á ní òun ni kò gbọ́ dáadáa, àgbà náà á mọ ohun tí wọ́n ń wí, á rọra tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣe, inú oníkálukú á sì dùn. Ohun tí Rodiyat gbàgbé ni pé Òyìnbó kì í túmọ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí èèyàn bá sọ nípa ara rẹ̀ ni wọ́n ń gbà gbọ́. David, tó ń darí ìpàdé náà, mi orí tàánútàánú. Ó ní ìlànà náà le lóòótọ́, kó lọ tún un kà, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ díẹ̀, wọ́n sì dìde lọ mu tíì.

Oyèníran ló ni ìlànà náà. Wọn ò tíì bí Rodiyat nígbà tó gbé e jáde, irun orí rẹ̀ ṣì dúdú kirikiri, àtìgbà náà sì ni àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe jíómẹ́tírì ti ń kọ́lé lé e lórí. Ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí kámẹ́rà yóò wà nínú ilé ìkẹ́rùsí, ẹni tó fẹ́ kí iná dé gbogbo kọ̀rọ̀ wọ́ọ̀dù, ìlànà Oyèníran ni. Òun kan náà ló lọ pàdé Rodiyat ní pápá ọkọ̀ òfurufú lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé Manchester, tó bọ́ kóòtù òtútù ọrùn rẹ̀ fún un, tó sì bá a wá yàrá sí Stretford. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni níí bà. Rodiyat sọ òkò tirẹ̀ sáàárín ìṣirò, ẹni tó bọ́ kóòtù fún un ló lọ bà.

Kò kúkú ṣàìgbìyànjú. Ní Sátidé tó kọjá, ó wọ tíráàmù lọ sílé wọn ní Eccles, torí ó mọ̀ pé kọ̀rọ̀ ni wọ́n ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún àgbà. Màmá, ìyàwó Ọ̀jọ̀gbọ́n, gbé mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje síwájú rẹ̀. Bó bá ti gbé ṣíbí kalẹ̀ pé kóun sọ̀rọ̀, wọ́n á tún bu òmíràn sí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń sọ bí ìlànà náà ṣe wá sóun lọ́kàn nínú bọ́ọ̀sì tó ń gun Cheetham Hill Road lọ, ojú rẹ̀ ń dán bíi tọmọdé. Ta ni yóò wá la ẹnu sọ pé bọ́ọ̀sì náà ṣìnà? Rodiyat gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Eccles, ó sì gbé e padà sí Stretford, òun àti ike mọ́ínmọ́ín.

Ọ̀sán ọjọ́ ìpàdé yìí ló wá ń bà á lẹ́rù báyìí. Kí ìpàdé tó túká, wọn yóò yan iṣẹ́ tí gbogbo wọn yóò jọ ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ìlànà Oyèníran ni wọ́n fẹ́ lò láti fi tan iná sí àwọn ilé ìtọ́jú arúgbó. Bí Rodiyat bá dákẹ́, igun kan yóò ṣókùnkùn níbì kan, arúgbó ẹni ẹlẹ́ni yóò sì kọsẹ̀ níbẹ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, ó lè pàdánù bàbá kan ṣoṣo tó ní nílùú yìí.

Fúnṣọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣèwádìí, bá a níbi tó fara ti ògiri, tí tíì rẹ̀ ti ń tutù.

“Rodi, o kúnlẹ̀ nínú presentation. I no go lie you, o kúnlẹ̀ pátápátá.”

“Kí ni kí n wá ṣe? Prof ni now.”

Fúnṣọ́ fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló ń bọ̀ yẹn. Fúnṣọ́ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì rántí lójijì pé òun ní ẹnì kan tóun fẹ́ rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí Rodiyat tẹ̀ lé òun. Wọ́n padà sínú yàrá tó ti ṣófo, níbi tí àwòrán gbọ̀ngàn náà ṣì wà lójú pátákó. Bàbá náà dúró síwájú àwòrán náà, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn.

“Nígbà tó o ní kò yé ẹ, kí lo fẹ́ sọ gan-an?”

Rodiyat wolẹ̀. “Ẹ má bínú, sà.”

“Mi ò tíì bínú. Àwọn tó kù gbọ́ Òyìnbó tó o sọ. Èmi gbọ́ Yorùbá tó wà nídìí ẹ̀.”

Ó mú mákà pupa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iná kalẹ̀ bí ìlànà rẹ̀ ṣe wí, ọ̀kan síbí, ọ̀kan sọ́hùn-ún, ó sì ń fa ìlà láti ara wọn dé ara ògiri. Ká má parọ́, apá kan nínú Rodiyat ń gbàdúrà pé kó jẹ́ òun lòun ṣì í, kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Àmọ́ nígbà tí àwọn ìlà náà tán, igun kékeré kan ṣẹ́kù lẹ́yìn òpó tí ìkankan nínú wọn kò dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n pa iná kan rẹ́, ó sún un. Igun yẹn mọ́lẹ̀, òmíràn ṣókùnkùn. Ó tún un sún, ó tún un sún. Níkẹyìn ó fi mákà sílẹ̀, ó sì jókòó.

Rodiyat kúnlẹ̀, kò tiẹ̀ mọ ìgbà tí orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀.

“Dìde,” ni bàbá náà wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Mo ti gba ìkúnlẹ̀ yẹn. Tó bá dọ̀sán, màá bi ẹ́ ní question kan lójú gbogbo wọn. Dá mi lóhùn bí ẹni tó mọ̀ ọ́n.”

Lọ́sàn-án, David ti fẹ́ ní kí wọ́n yan iṣẹ́ ọdún tó ń bọ̀ nígbà tí Oyèníran nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. Ó ní òun ní ìbéèrè fún ẹni tó sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Ó yíjú sí Rodiyat, ó sì bi í lédè Òyìnbó bóyá ìlànà òun ń ṣiṣẹ́.

Rodiyat dìde. “Ó lè jẹ́ pé” ti dé ètè rẹ̀, ó gbé e mì. Òótọ́ ọ̀rọ̀ bí ìsọkúsọ ló rí, pàápàá lẹ́nu ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé.

“Rárá, sà,” ló wí. “Kò ṣiṣẹ́.”

Ó lọ síbi pátákó, ó sì fi igun náà hàn wọ́n. Kò sọ pé bóyá, kò sọ pé ẹ má bínú. David dìde kúrò nínú àga rẹ̀, ó yọ awò ojú, ó súnmọ́ pátákó títí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Nígbà tó yíjú padà, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Rodiyat lójú gbogbo èèyàn. Wọn ò yan ìlànà Oyèníran mọ́. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé kí wọ́n jọ wá ìlànà tuntun fún gbọ̀ngàn olópòó, kí Rodiyat sì ṣíwájú wọn. Inú rẹ̀ dùn.

Tẹ̀rùtẹ̀rù ló fi wo ọ̀dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n. Bàbá náà kò wo ẹnikẹ́ni. Ó ti dojú ìwé ètò ìpàdé délẹ̀, ó ń ya gbọ̀ngàn sí ẹ̀yìn rẹ̀, òpó lórí òpó, ó fi eyín di ahọ́n mú. Nígbà tí àwọn èèyàn ń kó àpò wọn, ó juwọ́ sí Rodiyat pé kó wá jókòó.

“Tá a bá wá gbé iná kẹta sẹ́yìn òpó yìí ńkọ́?”

Rodiyat wò ó. “Kò ní dé igun yẹn, sà.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Èmi ni, sà.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín, ó fagi lé gbọ̀ngàn náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Àwọn tó ń kọjá lọ ń tẹrí ba fún un, wọ́n ń kí i pé ó kú iṣẹ́, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe fún un láti ọjọ́ tí Rodiyat ti mọ̀ ọ́n. Ó gbìyànjú láti rántí ẹnì kan ṣoṣo tó ti jókòó ti bàbá yìí rí láti bá a jiyàn, kò rántí ẹnikẹ́ni.

Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn, ó sì gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀.